Gbẹ́ adágún eré, kí irà má sì gbẹ

Ọ̀pọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń já mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á gbẹ́ adágún fún eré ìje ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀, wọ́n á sì ní irà tó ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò tipa bẹ́ẹ̀ jí. Ọdún méjì kọjá, omi adágún ti di aláwọ̀ ewé, àjẹ̀ ń kó koríko bọ̀ látinú omi, irà sì ti di pápá gbígbẹ tàbí kòtò omi lásán tí ẹyẹ kankan kì í bà sí. Kì í sábà jẹ́ pé owó tán. Wọ́n ya omi méjì sórí ìwé bí ẹni pé omi kan ni.

Ohun kan ni kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: adágún eré fẹ́ omi tó dúró sójú kan láti oṣù dé oṣù, irà fẹ́ omi tó ń kún tó sì ń fà. Bí ẹ bá so àwọn méjèèjì pọ̀ tí ojú omi wọn fi jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan ni yóò pa èkejì. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí wọ́n ṣe lè jẹ́ aládùúgbò láìjẹ́ pé wọ́n ń sùn lórí ẹní kan náà.

Ohun tí ẹ nílò kí katapílà tó dé

- Páìpù oníke mẹ́fà ó kéré tán, fún wíwọn omi abẹ́ ilẹ̀, àti ẹnì kan tí kì í gbàgbé láti wọ̀n ọ́n.
- Awọnlẹ̀ tó lè fi gíga ilẹ̀ hàn dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà.
- Àkọsílẹ̀ òjò àti afẹ́fẹ́ agbègbè náà fún ọdún mẹ́wàá, bí ẹ bá rí i.
- Amọ̀ tó dára nítòsí. Kíkó o wá láti ọ̀nà jíjìn máa ń tú iṣẹ́ ká.
- Ibi tí ẹ máa kó ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ sí. Ẹ má fojú kéré èyí.
- Ìwé àṣẹ ìjọba lórí omi, lórí ilẹ̀, àti lórí ẹranko ìgbẹ́.
- Onímọ̀ ewéko omi kan, àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ eré gan-an. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó sí tábìlì kan láti ọjọ́ kìíní.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn omi abẹ́ ilẹ̀ fún odindi ọdún kan

Ẹ ri páìpù mẹ́ta mọ́ ibi tí adágún máa wà, mẹ́ta mọ́ ibi tí irà wà. Kí ihò wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ wọn, kí ẹ sì fi aṣọ wé e kí iyanrìn má bàa dí i. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan sọ okùn tó ní nǹkan wúwo lẹ́nu sínú rẹ̀, kó kọ bí ó ṣe jìn tó láti ẹnu páìpù dé ojú omi. Kí awọnlẹ̀ ti wọn gíga ẹnu gbogbo páìpù láti àmì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye tí ẹ ń kọ sílẹ̀ kò ní ṣeé fi wéra.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń dà gẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ ṣe dà. Ojú adágún ní tirẹ̀ kò lè ṣe kó má tẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi abẹ́ ilẹ̀ yín ń fi mítà kan rẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mítà, ẹ wá gbẹ́ adágún tó gùn tó 2,000 mítà sínú iyanrìn lójú ọ̀nà tí omi náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ orí sí ìdí adágún jẹ́ mítà méjì. Nígbà tí ojú omi bá tẹ́, lápá òkè yóò fi bíi mítà kan lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lápá ìsàlẹ̀ yóò sì fi bíi mítà kan ga. Irà tó wà lápá òkè yóò gbẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ilé tó wà lápá ìsàlẹ̀ yóò sì máa rí omi nínú ìpìlẹ̀. Mítà kan kéré lójú ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ewéko irà kì í lè tẹ̀lé omi dé ibẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ìgbà yẹn ni ọ̀nà dára. Ìgbà òjò ló ń sọ irú irà tí ẹ lè ní, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ bóyá adágún yín yóò lè dúró.

Àyẹ̀wò: ẹ lè ya ìlà kan sórí ìwé fún páìpù kọ̀ọ̀kan láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ẹ sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi ń gbà lọ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì lè ṣe é, ẹ má pe katapílà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ibi tí adágún máa dojú kọ

Ẹ má gbẹ́ irà tó ṣì wà láàyè. Kò sí irà tuntun tó ń tètè dí àlàfo àtijọ́. Ilẹ̀ tó yẹ iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀: ibi tí wọ́n ti wa iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, àti oko tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ láyé àtijọ́. Ní Penrith, nítòsí Sydney, ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn àti òkúta ni wọ́n sọ di adágún tí wọ́n lò fún eré ìje ọkọ̀ Olympics ọdún 2000. Dorney Lake ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n lò lọ́dún 2012, náà jẹ́ ibi tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ kọ gígùn adágún dábùú ọ̀nà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà lọ, kí orí àti ìdí rẹ̀ lè wà ní gíga kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fi àwọn kan sínú ìjì, á sì fi àwọn kan sábẹ́ ààbò, ìdíje náà kò ní dọ́gba mọ́. Ní Schinias ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi irà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ adágún Olympics 2004 sí, afẹ́fẹ́ da ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ rú nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún 2003, omi wọ inú àwọn ọkọ̀ kan títí wọ́n fi rì. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹ́ lọ́dún náà.

Bí omi bá ní kí ẹ kọjú síhìn-ín, tí afẹ́fẹ́ ní kí ẹ kọjú sọ́hùn-ún ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò 2,000 mítà lóòótọ́. Ìdíje ńlá ti wíwa ọkọ̀ ló fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 13.5 mítà. Ibi ìkọ́ni àti ti ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ lè lo 500 sí 1,000 mítà dáadáa. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ní àwọn ń ṣe ti Olympics, ó ṣòro kí n rí ẹyọ kan tí Olympics yóò dé ibẹ̀ láé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe ìṣirò omi

Mìlímítà kan omi lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 lítà. Adágún tó gùn tó 2,200 mítà, tó fẹ̀ tó 150, jẹ́ hẹ́kítà 33. Bí oòrùn bá ń fa mìlímítà márùn-ún lójúmọ́, 1,650,000 lítà ló ń lọ sínú afẹ́fẹ́ lójúmọ́ yẹn. Ẹ fi ọjọ́ tí òjò kì í rọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí omi fi dí.

Ẹ kọ ibi tí omi yẹn ti máa wá sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìlà pupa pa irà rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìdẹwò tó ń pa iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nígbà tí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú adágún ti lọ sílẹ̀, ẹnì kan á wo irà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Ṣebí omi nìyí." Wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìfami wá lálẹ́.

Àyẹ̀wò: ìwé ìṣirò yín fi hàn pé lọ́dún tí ọ̀dá bá dá, adágún ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a, tí ẹni tó ni eré sì ti buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ

Oríṣi mẹ́ta ni, òkìtì mẹ́ta ni kí ẹ sì ṣe.

Ilẹ̀ olóràá tó wà lókè kò gbọ́dọ̀ padà sínú adágún, bó ti wù kó dúdú dáadáa lójú tó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ tí wọ́n ti dà sí oko náà fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú rẹ̀, òun gan-an ni algae, ewéko tíntìntín inú omi, ń jẹ tí omi fi ń di aláwọ̀ ewé. Ẹ kó o lọ sí ibi tí àwọn èèyàn máa jókòó wòran. Kódà níbi irà, ẹ bó o kúrò kí ẹ tó fi omi sí i, àyàfi bí èsì àyẹ̀wò bá sọ pé kò ní ajílẹ̀ nínú.

Amọ̀ ni òkìtì kejì. Ẹ bò ó kó má gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ pọn díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ yí i bí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bí òrùka. Bí kò bá ya, ó ṣeé lò. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀.

Òkìtì kẹta ló níye lórí jù, òun ni wọ́n sì sábà máa ń dànù: ẹrẹ̀ dúdú tó wà nínú kòtò àtijọ́ àti ibi tó rẹlẹ̀ jù. Èso ewéko irà lè sùn nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ bu díẹ̀ níbi mẹ́wàá, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó má nípọn ju ìka méjì lọ, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Mo ti rí àwo kan tó dà bí ẹrẹ̀ lásán fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, tí irun aláwọ̀ ewé tíntìntín wá bo gbogbo rẹ̀ láàárín òru méjì: làbẹ̀làbẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tó bá hù báyìí, ẹ má kó o jọ bí òkè. Á gbóná, á sì rà. Ẹ gbé e lọ sí ibùjókòó rẹ̀ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Adágún àti etí rẹ̀

Ẹ gbẹ́ ẹ jìn. Mítà mẹ́ta àbọ̀ ni kí ẹ fojú sí. Ìdí kan ni pé omi tí kò jìn máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìdí kejì ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi jíjìn, koríko kò sì ní rí ibi hù. Ibi tó bá jẹ́ mítà kan àbọ̀ ni àjẹ̀ ti máa ń kó koríko.

Ẹ má mọ ògiri gígùn sí etí. Ìgbì tó bá kọlu ògiri máa ń padà wá bá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí etí náà dà gẹ̀rẹ́, mítà mẹ́ta síta fún mítà kan sísàlẹ̀, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì gbin ìfèéfèé sí ẹ̀yìn òkúta náà. Ibẹ̀ ni ìgbì ti máa ń kú.

Níbi tí ọkọ̀ ti ń wọ omi, kí koríko kankan má sí. Ní àwọn ilẹ̀ tí àtọ̀sí ajá wà, inú ewéko etí omi ni ìgbín tó ń gbé e káàkiri fẹ́ràn jù, ẹni tó bá sì ki ẹsẹ̀ bọ omi náà lè kó o.

Ẹ̀gbẹ́ adágún tó kọjú sí irà ni kí ẹ fi amọ̀ dí, ní ìpele-ìpele, kí ẹ máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbin igi sórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé korobá tó kún fún omi sórí àtẹ̀gùn tí omi adágún dé, kí omi yí i ká díẹ̀. Ẹ sàmì sí ojú omi nínú korobá àti lóde rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí òjò kò rọ̀, tí omi kò sì wọlé, ẹ wò ó. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀ bákan náà, oòrùn ló fà á. Bí ti òde bá lọ sílẹ̀ jù, adágún ń jò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ya irà náà, kó má tẹ́jú

Ẹni tó ń wa katapílà fẹ́ràn ilẹ̀ tó tẹ́ bíi tábìlì. Wọ́n ti yìn ín fún un láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró tì í. Kí ihò wà, kí gegele wà, kí ibìkan jìn dé orókùn, kí ibòmíì jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ péré.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀mí irà. Níbi tí ilẹ̀ bá fi mítà kan lọ sílẹ̀ nínú ogún mítà, bí omi bá fà ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ẹrẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́fà yóò yọ sójú. Níbi tó bá fi mítà kan lọ sílẹ̀ nínú mẹ́ta, ẹrẹ̀ tí yóò yọ kò tó mítà kan. Orí ẹrẹ̀ yẹn ni ẹyẹ ti ń jẹun, tí èso ti ń hù.

Omi tó ń bọ̀ láti ọ̀nà àti oko kò gbọ́dọ̀ wọ irà yìí tààrà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ wọ adágún. Ẹ gbẹ́ kòtò kan ṣáájú fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le kí ẹ̀rọ lè wọ̀ ọ́ kó o. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ṣe ọgbà ìfèéfèé tí yóò máa sẹ́ omi. Ọgbà yẹn òṣìṣẹ́ ni, ẹ ó máa gé e, ẹ ó máa kó o. Ẹ má pè é ní irà tí ẹ tún ṣe, bó tilẹ̀ máa dára nínú ìròyìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ilẹ̀kùn omi

Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé nìyí. Kí ojú irà rẹlẹ̀ ju ti adágún lọ, kí omi lè máa sàn láti adágún lọ sí irà, kó má sì lè padà láé. Ẹ fi kọnkéré ṣe ihò tó ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ máa ki pákó bọ̀ ọ́ ní ìbú, ọ̀kan lórí ìkejì. Pákó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló dára. Ti ogún sẹ̀ǹtímítà máa ń da omi lójijì. Ẹ ṣe irú rẹ̀ méjì: ọ̀kan láàárín adágún àti irà, èkejì níbi tí irà ti ń tú omi síta.

Ẹ fi àgádágodo sí i, kí ẹnì kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri. Níbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti ní kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yọ pákó.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ pákó kan lára ilẹ̀kùn tó wà láàárín adágún àti irà. Lọ́jọ́ kejì, omi irà ti gbéra sókè, ojú adágún kò sì lọ sílẹ̀ ju ohun tí ẹ ti ṣírò lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbin, kí ẹ tó kún un

Ìkánjú ló ń ba èyí jẹ́. Wọ́n á kún irà dẹ́nu kí àwọn àlejò pàtàkì lè ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ èso ewéko irà kì í hù lábẹ́ omi. Ẹrẹ̀ tútù tó rí oòrùn ni wọ́n fẹ́. Torí náà ẹ jẹ́ kí omi wọlé kó rin ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti hù, ẹ máa gbé omi sókè bí wọ́n ṣe ń ga, kí orí wọn má fìgbà kankan rì. Ìfèéfèé kékeré tí omi bò lórí máa ń kú ni.

Ẹ mú ewéko láti irà tó sún mọ́ yín jù, ẹ má rà á nítorí òdòdó. "Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò," ṣùgbọ́n ojú oró tó bá lékè omi eré yóò bo gbogbo rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹja mí. Hyacinth inú omi tún burú jù ú lọ. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ fà á tu lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó bá ti ibòmíì wá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ omi yín.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹnì kan yóò dábàá kí ẹ da ẹja àjèjì sí i. Ẹ má gbà. Ẹja náà yóò jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọ lámilámi tó yẹ kó bá yín jẹ ẹ̀fọn. Ẹ wo ojú ẹsẹ̀ katapílà àti táyà àtijọ́ ná. Inú irú kòtò kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ti máa ń pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ pín àkókò àti ààyè láàárín ọkọ̀ àti ẹyẹ

Ẹyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ohun tó ń gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ọkọ̀ alájẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, kíá ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n mọ́ra. Ohun tó ń lé wọn ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tó yà bàrá, ajá tí wọn kò so, àti ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn yí etí irà ká. Nítorí náà, ọ̀nà ìrìn kò gbọ́dọ̀ yí irà po. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ níbì kan, kó parí sí ibi ìwòran tó ní ògiri igi, kí èèyàn padà ní ọ̀nà tó gbà wá.

Ìdíje ńlá kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí ẹyẹ ń sàba. Ẹ béèrè oṣù yẹn lọ́wọ́ àwọn tó mọ ẹyẹ ibẹ̀ kí ẹ tó tẹ kàlẹ́ńdà jáde, torí bí wọ́n bá ti san owó ìforúkọsílẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹyẹ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Iṣẹ́ tí kì í tán

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ so okùn mọ́ àwo roboto tó fẹ̀ tó ogún sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ kùn ní funfun àti dúdú, kí ẹ sọ ọ́ sínú adágún níbi tí òjìji ọkọ̀ bò. Ẹ kọ bó ṣe jìn tó nígbà tí ojú yín kò rí i mọ́. Iye náà fúnra rẹ̀ kò ṣe pàtàkì tó bó ṣe ń yí padà: bó bá ń dín kù lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, ẹ lọ wo kòtò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn kankan. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti kún. Ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò fún kòkòrò àrùn pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ sì ti omi pa fún eré bí èsì bá kọjá ohun tí òfin ilẹ̀ yín gbà.

Lọ́dọọdún, ẹ gé ìfèéfèé, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan péré lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìgbà tí ẹyẹ ti pa ọmọ tán. Ẹ kó ohun tí ẹ gé kúrò pátápátá. Bó bá rà síbẹ̀, gbogbo oúnjẹ algae tó ti fà sára ló ń dá padà sínú omi.

Àyẹ̀wò ọdún kẹta: ẹ padà sí páìpù mẹ́fà ti ìgbésẹ̀ kìíní. Àwọn mẹ́ta inú irà gbọ́dọ̀ máa gòkè kí wọ́n sì máa sọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Bí ìlà wọn bá ti tẹ́ bíi ti adágún, omi méjèèjì ti so pọ̀ níbì kan lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ìdí ilẹ̀kùn omi àkọ́kọ́, níbi tí kọnkéré ti pàdé amọ̀.